Ìbéèrè Tí Dora Kò Béèrè

Ara Dora Ọlánípẹ̀kun kì í balẹ̀. Bí ó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, á ti yíjú wo ẹnu ọ̀nà láìmọye ìgbà kí àlùfáà tó ṣe àmín. Síbẹ̀, kò sí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège ní Òkìtìpupa, tàbí àgbàlagbà tí tirẹ̀ dáwọ́ dúró tí ooru sì ń mú ṣáá, tí kò mọ ilé Dora. Àìdan, ẹ̀ẹ̀rù àti omidùn ni ó fi ń se àgbo.

Kì í gbé ìgò fún ẹnikẹ́ni láìbéèrè pé, "Ṣé itọ́ kì í kún ọ lẹ́nu láàárọ̀?" Àgbo tó ń fa nǹkan oṣù wálẹ̀ lè fa oyún wálẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Dora jẹ́ ìyàwó tuntun, àbúrò ìyá rẹ̀ fún un ní irú àgbo yìí mu láìbi í ní nǹkan kan. Oyún náà bà jẹ́, òmíràn kò sì dé mọ́. Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ní ọjọ́ ọjà kan, Àrìnkẹ́, ìyàwó Rufus ará Ìkọ̀yà, sáré wọlé: nǹkan oṣù òun kò wá. Dora gbé ìgò fún un, ó ní kó mu ún bó bá ti délé. Ó ti pẹ́ tí Àrìnkẹ́ ti ń wá ọmọ. Ta ni yóò bi irú rẹ̀ bóyá ó lóyún?

Àìdan ni Dora ń gún lọ́wọ́ nígbà tí ó rántí pé òun kò bi Àrìnkẹ́ ní ìbéèrè yẹn. Ó ju ọmọ odó sílẹ̀, ó kọrí sí Ìkọ̀yà. Kò rí ọkọ̀. Òjò ń pa á, kò yà síbì kan, ó ń sáré, ó ń sunkún, ó ń bú ara rẹ̀.

Àrìnkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ìgò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti ṣí i. Dora wólẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ṣé o ti mu ún?"

"Rárá, Ìyá. Gbogbo ayé lẹ máa ń bi léèrè, ẹ ò bi mí. Mo ní ẹ ti gbà pé tèmi ò lè ṣeé ṣe láéláé. Ó dùn mí, mi ò lè mu ún."

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Ṣé itọ́ kì í kún ọ lẹ́nu láàárọ̀?"

Àrìnkẹ́ bú sẹ́kún.

"Ó ń kún mi lẹ́nu, Ìyá. Mo rò pé ibà ni."