Ìgbà Tí À Ń Se Jáàmù fún Ọ̀gá Àgbà

Ìgbà kan wà láyé mi tó jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa máa ń bi mí lẹ́nu géètì láràárọ̀. Wọn kì í bèèrè bóyá owó oṣù ti wọlé, wọn kì í bèèrè bóyá iná ti dé. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Àǹtí, ṣé jáàmù ṣì kù?” Bí mo bá ní ó kù, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á lọ wọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Bí mo bá ní kò sí mọ́, àwọn tó jẹ́ mùsùlùmí á gbé ọwọ́ sókè, àwọn onígbàgbọ́ á di ojú, àdúrà á sì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì ni, ní Ìkẹjà, láyé ìjọba ológun, nígbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP ti dé tí gbogbo nǹkan ti le koko. Èmi ni táípíìsì Ọ̀gá Àgbà, èmi náà ni mo sì ń gbé tíì àárọ̀ wọn lọ fún wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ọ̀gá Àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ìlú ọba pẹ́ débi pé imú ni wọ́n fi ń sọ Yorùbá. Láti ìlú ọba ni wọ́n ti mú àṣà kan bọ̀: búrẹ́dì àárọ̀ wọn kò gbọdọ̀ wà láìsí jáàmù, jáàmù náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ òmíràn àfi èyí tí wọ́n fi èso òyìnbó kan tó ń jẹ́ píìṣì ṣe, tí wọ́n fi bẹ́rì pupa díẹ̀ lú. Nígbà tí náírà dojú bolẹ̀, jáàmù yìí di àwátì ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ńláńlá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura. Láàárọ̀ tí jáàmù bá wà, Ọ̀gá Àgbà á kí mi, wọ́n á bèèrè àlàáfíà ìyá mi. Láàárọ̀ tí kò bá sí, wọ́n á jẹ búrẹ́dì náà ní gbígbẹ, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní, “Sún máṣíìnì rẹ mọ́ ibí.” Mo ti mọ ohun tó kàn. Ìwé gbélé-ẹ ni. Wọ́n á wá orúkọ kan, wọ́n á wá ẹ̀ṣẹ̀ kan, èmi á sì tẹ̀ ẹ́. Àwáwí kò wọ́n nígbà náà, torí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọlé mọ́, ìyẹ̀fun kò sì tó lò.

Mo lọ sọ fún alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọkùnrin Ọ̀yọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Ṣíámáànù. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, “Bí a bá daṣẹ́ sílẹ̀, sójà á kó wa. Jáàmù ni ká wá.”

“Níbo la ti fẹ́ rí i?”

“Ìwọ lo máa sè é. Ṣebí o kọ́ nípa oúnjẹ sísè ní sẹ́kọ́ńdìrì?”

Lóòótọ́ ni mo kọ́ ọ. Ọdún tí wọ́n kọ́ wa ní jáàmù, kò sí èso, kò sí sítóòfù, kò sí ṣúgà. Tíṣà wa ya ìgò jáàmù sójú pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa kùn ún, àwa náà yà á sínú ìwé wa. Tèmi ló dára jù ní kíláàsì. Nítorí ìgò tí mo yà yìí, mo gbé àyà sókè níwájú Ṣíámáànù, mo ní, “Kò le.”

Ṣúgà wà ní sítọ́ọ̀ ilé-iṣẹ́ wa gègèrè, ṣùgbọ́n àpò Ọ̀gá Àgbà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ ń mú ṣúgà oníkóró wá láti ilé wọn, ẹni tó wé tirẹ̀ sínú bébà, ẹni tó so tirẹ̀ mọ́ etí aṣọ. Mo rí ṣúgà kan tí eyín ọmọdé ti kàn. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan píìṣì. Mi ò rí i rí. Mo gbé ìgò jáàmù tó ti tán, mo wo àwòrán ara rẹ̀: ó rí roboto, ó pọ́n díẹ̀, ó pupa díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àgbálùmọ̀ ni. Gbogbo ọmọ Agége, níbi tí mò ń gbé, ló mọ̀ pé béèyàn bá jẹ àgbálùmọ̀ pẹ́, ètè rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ra. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo kàn rò pé iná á ká oje yẹn kúrò ni. Iná kò ká a kúrò. Nígbà tí mo gbé ṣíbí sókè, ìkòkò bá a gòkè. Onílé wa, Àlàájà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ni ìkòkò náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wò ó títí.

“Ṣé oúnjẹ nìyí, àbí àtè lo fẹ́ fi mú ẹyẹ?”

Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ṣíámáànù ní ká kọ́kọ́ dán an wò lára ẹnì kan. Bàbá Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì yọ̀ǹda ara wọn, torí wọn ò tíì jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí kò sẹ́ni tó rántí ni pé eyín òkè Bàbá kì í ṣe ti Ọlọ́run, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ṣe é. Bàbá gé búrẹ́dì Agége tí a fi jáàmù náà kùn, wọ́n pa ẹnu dé, ẹnu kò sì ṣí mọ́. Bí a ti ń gbá wọn lẹ́yìn ni ọkọ̀ Ọ̀gá Àgbà fọn fèrè ní géètì.

Ọ̀gá sọ gíláàsì kalẹ̀. “Bàbá, ta ló wá bèèrè mi?”

Bàbá ní, “Mmm.”

“Mo ní, ta ló wá?”

“Mmm, mmm.” Bàbá wá sálúùtù, bóyá ìyẹn á jọ ìdáhùn.

“Ṣé èmi lẹ ń dá lóhùn báyẹn?”

Láàárọ̀ yẹn, kò sí jáàmù lórí tábìlì. Ọ̀gá jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní kí n sún máṣíìnì mi mọ́ ibí. Bàbá tó ti ń ṣọ́ géètì láti ìgbà tí kò tíì sí géètì rárá ni mo wá ń tẹ ìwé gbélé-ẹ fún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í tẹ̀, mo tún un tẹ̀, mo tún ṣì í, títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá dìde, wọ́n mú àpò wọn. “Gbé e sórí tábìlì mi. Màá fọwọ́ sí i lọ́la, lẹ́yìn tíì.”

Lẹ́yìn tíì. Mo sáré dé Agége lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Oore Ọlọ́run ni pé àwọn ará ilé Àlàájà ti kó máńgòrò ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, apẹ̀rẹ̀ kún fọ́fọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá fún wọn, omi bọ́ lójú mi. Àlàájà ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra àwọn ló máa rò ó, kí n má fi ìkòkò àwọn pẹyẹ mọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí ọmọrogùn ni wọ́n ń ṣe Bisimillahi. Mo da omi ìṣápá pupa díẹ̀ sí i, kí ó lè jọ bẹ́rì. Ìyá Aládùúrà tó wà ní yàrá kejì kọjá, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí i láìbi ẹnikẹ́ni. Títí dòní, mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ki, ó ń dán, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo rọ ọ́ sínú ìgò tó ní àwòrán píìṣì.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣíámáànù dúró sórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ń ṣe bí ẹni tó ń pààrọ̀ gílóòbù. Ọ̀gá Àgbà gé búrẹ́dì. Wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu. Wọ́n wo ìgò. Wọ́n tún gé òmíràn.

“Èyí dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbo lo ti rí i?”

“Àwọn kan ló bá wa ṣe wàhálà rẹ̀, sà.”

“Ó dáa.” Wọ́n ti ìwé Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Gbé èyí kúrò. Mo rò pé eyín ló ń dun bàbá yẹn. Ní kí wọ́n lọ rí dókítà.”

Gílóòbù já bọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọ́ yángá. Ẹnikẹ́ni kò bínú.

Báyìí ni àlàáfíà dé. Gbogbo ìgbà tí máńgòrò fi wà lọ́jà ni a fi ń sè é, tí kò sì sẹ́ni tí wọ́n lé. Ìgbéraga gùn mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́. Àfìgbà tí ọ̀gágun kan wá bẹ̀ wá wò. Ìjọba ló rán an pé kó wò ó bóyá àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fi ohun ilẹ̀ wa ṣiṣẹ́. Inú Ọ̀gá Àgbà dùn láti ṣe é lálejò, wọ́n ní kí n gbé tíì, búrẹ́dì àti jáàmù wá.

Ọ̀gágun tọ́ ọ wò. “Èyí mà dùn o. Níbo ló ti wá?”

Ọ̀gá Àgbà fi imú rẹ́rìn-ín. “Ìlú ọba ni, sà. Píìṣì ni.”

Ọ̀gágun rọra gbé búrẹ́dì sílẹ̀. “Ìjọba ní ká máa jẹ ohun tiwa, ẹ wá ń gbé fàyàwọ́ fún mi jẹ?” Ó yíjú sí àwọn sójà tó tẹ̀ lé e. “Ẹ lọ ti géètì yẹn pa. Kò sẹ́ni tó máa ṣiṣẹ́ níbí mọ́.”

Mi ò mọ ìgbà tí mo lanu. “Máńgòrò ni, sà! Máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àwa la sè é.”

Ẹni tó kọ́kọ́ ta kò mí ni Ọ̀gá Àgbà. “Ẹ má dá a lóhùn, sà, ọmọdé ni. Mo ti ń jẹ píìṣì kí wọ́n tó bí i. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ píìṣì?” Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ wọn pa ju kí wọ́n gbà pé máńgòrò ni wọ́n ti ń jẹ.

Ọ̀gágun wo àwa méjèèjì. “Ẹ sè é kí n rí i.”

Àwọn sójà kan lọ kó máńgòrò lọ́jà, àwọn kan fi jíìpù lọ gbé Àlàájà, tó máa ń rò ó, ní Agége. Gbogbo àdúgbò sunkún tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, torí kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀. Àlàájà sọ̀kalẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ wa pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ àti àpò aṣọ tí wọ́n ti dì fún ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe, ẹ̀rù kúrò, ìbínú rọ́pò rẹ̀.

“Nítorí máńgòrò lẹ ṣe gbé mi bí olè? Ó dáa. Ẹ̀yin sójà, ẹ lọ fọwọ́, kí ẹ wá bó máńgòrò. Ẹ gbé ìbọn yẹn jìnnà sí oúnjẹ!”

Mo fojú ara mi rí i. Àwọn sójà to ìbọn wọn sórí àpò ìyẹ̀fun, wọ́n jókòó sórí páálí bísíkíìtì, wọ́n ń bó máńgòrò, omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ wọn. Nígbà tó jinná, kò ki tó ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n Ọ̀gágun tọ́ ọ wò, ó di ojú. “Òun náà ni.” Wọ́n wá gbé ṣíbí fún Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá tọ́ ọ wò, wọ́n tún un tọ́ wò. Gbogbo wa ń wo ẹnu wọn.

“Ó ku ṣúgà díẹ̀,” ni wọ́n sọ. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀, wọ́n nà án sí Àlàájà.

Ọ̀gágun yin Ọ̀gá Àgbà pé wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ wọn, ó sì ní kí wọ́n máa se jáàmù náà ránṣẹ́ sí bárékè. Lẹ́yìn tó lọ, Ọ̀gá pè mí wọlé, wọ́n ní kí n jókòó. Ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀.”

Ǹ bá ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n géètì yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi. “Sà, lọ́jọ́ tí jáàmù ò bá sí, ẹ máa ń lé wa.”

“Èmi?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́.”

Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, wọ́n nù ún pẹ́. “Mo rò pé nítorí ìyẹ̀fun ni,” ni wọ́n wí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé pé kí àwọn tí a ti lé padà wá, torí jáàmù bárékè fẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Àwọn kan padà wá, wọ́n wá di abómáńgòrò. Àwọn kan ti lọ sóko ní ìlú wọn, ìwé wa kò bá wọn. Nígbà tí máńgòrò tán, a fi ìbẹ́pẹ ṣe é, a fi elégédé ṣe é, sójà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n wá gbé Ọ̀gágun náà lọ ibòmíràn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé pátápátá. Ìyẹ̀fun ló fà á lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ti dàgbà ju bí Ọ̀gá Àgbà ṣe wà nígbà náà lọ. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn kí n máa sọ ìtàn yìí, pàápàá ibi tí Bàbá ti ń ṣe “mmm.” Ọ̀kan nínú wọn bi mí láìpẹ́ yìí pé kí ló dé tí a kò kàn sọ fún ọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa àgbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ohun tó ń ṣe kò dára. Mo ní kò gbé inú ìgbà yẹn, ìgbà tó jẹ́ pé láti ilé ìjọba títí dé ọ́fíìsì wa, ohun tí èèyàn kọ́kọ́ ń fẹ́ mọ̀ láàárọ̀ ni bí ọ̀gá ṣe jí. Kò ṣe wá ní kàyééfì. Ohun tí à ń rò kò ju bóyá máńgòrò ti pọ́n lọ. Bí àwọn ọmọ mi bá ń rẹ́rìn-ín, èmi náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, tọkàntọkàn ni, ṣùgbọ́n tèmi ló máa ń kọ́kọ́ tán.