Ìdíátù àti Afẹ́fẹ́ Àbàtà Ìgàndó

Ìdíátù ni ìyá ọkọ mi. Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ìgàndó, ní nǹkan bí ọdún 1986, igbó ló wà lẹ́yìn ilé wa, àbàtà ló sì wà lẹ́yìn igbó náà. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ìkùukùu funfun á bo àbàtà yẹn láti ìdájí títí oòrùn á fi yọ, òtútù á sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá wa. Aṣọ méjì ni mo fi ń bo ọmọ mi lórí ẹní. Bí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi báyìí pé òtútù máa ń mú èèyàn gbọ̀n ní Ìgàndó, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín.

Kí n tó jí láàárọ̀, ìyá ọkọ mi á ti wọ inú àbàtà lọ. Ewé gbòdògí ló ń já níbẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ fún un, ọ̀pá ọparun ló sì fi ń tì í. Yóò já ewé, yóò tò ó lé ara wọn, yóò dì í ní ìdì ìdì, yóò sì gbé e lọ sí Ṣáṣá, níbi tí àwọn ẹlẹ́kọ àti àwọn alámọ́ínmọ́ín ti ń retí rẹ̀. Wọ́n ní ewé Ìyá Nàfíù kì í ya. Nàfíù ni ọkọ mi, òun nìkan ni ọmọ tí ìyá náà bí.

Àbàtà yẹn, ogún ni. Nígbà tí ẹbí ń pín ilẹ̀ bàbá wọn, Hàrúnà tó jẹ́ àgbà ẹbí mú ibi gbígbẹ fún ara rẹ̀ àti àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti Sàkàrìyáù, ọkọ Ìdíátù, tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, sínú omi. Àwọn èèyàn káàánú rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní àkèré ni yóò máa san owó ilé fún un. Sàkàrìyáù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gbẹ́ ọkọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì kú kí orí rẹ̀ tó hu ewú. Ewé inú àbàtà náà ni Ìdíátù fi tọ́ Nàfíù dàgbà.

Ní ọdún 1989, lásìkò òjò, Màmá, ìyá ọkọ mi, ń já ewé lọ́wọ́ ni ó gbọ́ tí ẹnì kan ń ké pé, “Ẹ gbà mí o!” Ó ti ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ti rì dé ìbàdí, ó sì gbé àpótí rọ́bà kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì lé orí.

Màmá na ọ̀pá sí i. “Ju ohun tó wà lórí rẹ nù, kí o di igi yìí mú!”

“Mi ò lè jù ú nù, Mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bá mi gba àpótí yìí!”

Bí Màmá ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyẹn, yóò sì máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba àpótí, ó fa ọmọkùnrin náà yọ, ó sì mú un wá sílé. Mo gbé omi gbígbóná fún un kó fi wẹ̀, a sì fún un ní bùbá àti ṣòkòtò Nàfíù. Olúbọ̀dé lorúkọ rẹ̀, ó ní yunifásítì lòun ti ń ṣiṣẹ́.

“Kí lo sọ nù sínú àbàtà mi?” Màmá bi í.

“N kò sọ nǹkan kan nù, Mà. Afẹ́fẹ́ ni mo wá gbà.”

Màmá wò mí, èmi náà wò ó. Mo rò ó lọ́kàn mi pé orí ọmọ ọlọ́mọ ti dàrú.

Olúbọ̀dé rí i pé a kò gba òun gbọ́. Ó ní ká fún òun ní ìgò kan, a sì jọ padà sí etí àbàtà. Ó bu omi kún ìgò náà, ó dojú rẹ̀ dé inú omi, ó sì ní kí Màmá fi ọ̀pá gún ẹrọ̀fọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Màmá gún un. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó pùtùpùtù, afẹ́fẹ́ tó ń ru sókè sì ń lé omi inú ìgò jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi tán nínú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò dé e lẹ́nu, ó yí i sókè, ó ṣáná sí i. Iná aláwọ̀ aró sọ fòò lẹ́nu ìgò.

“Lá ìláhà illaláhù!” Màmá fò sẹ́yìn, ó ṣubú lù mí, àwa méjèèjì sì jókòó sínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀.

Ìgbà tí a jókòó dáadáa ló tó ṣàlàyé fún wa. Ó ní ewé tó ń jẹrà lábẹ́ omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé, ló ń pọ gáàsì yìí. Yóò ru sókè, yóò bá èéfín mọ́tò àti ti ilé iṣẹ́ pàdé lójú sánmà, wọn yóò sì jọ bo ayé bí aṣọ tó nípọn. Oòrùn á ràn wọlé, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde tó bó ṣe yẹ. Ayé á wá máa móoru sí i lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ ń wọn iye gáàsì tó ń ti ibì kọ̀ọ̀kan jáde ká lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, àmọ́ òun kò tíì rí ẹni tó wọn ti irú àbàtà wa yìí.

Ohùn Màmá dà bíi ti ẹni tí wọ́n wá sọ fún pé ọmọ rẹ̀ jalè.

“Ṣé àbàtà mi ló wá ń mú ayé gbóná?”

“Rárá o, Mà! Àbàtà ti ń mí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí àwọn baba ńlá wa, ayé kò sì gbóná. Ohun tí àwa èèyàn ń dáná sun ló fi kún un. Ẹ tún wò ó, ewé ayé àtijọ́ ṣì wà nínú ẹrọ̀fọ̀ yẹn, ó gbé e mì, kò jẹ́ kó di èéfín.”

Màmá mí kanlẹ̀. “Hẹn-ẹ́n. Mo ti fẹ́ máa bẹ aráyé kiri.”

Kó tó di ọjọ́ kejì, ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Hàrúnà pé iná ń jáde nínú omi. Ó wọ agbádá wá, ó mú àwọn àgbà ẹbí dání.

“Epo rọ̀bì ni!” ló wí. “Ọlọ́run ti bùkún fún wa!”

Olúbọ̀dé dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe epo, pé kò sì pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni á fi wá rà á. Hàrúnà tẹ́tí gbọ́ ọ délẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

“Kí wá ni ìwúlò afẹ́fẹ́ tí kò ṣeé tà?” ló bi í, ó sì ká agbádá rẹ̀, ó lọ ilé. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pe Màmá ní Ìyá Aláfẹ́fẹ́.

Báyìí ni Olúbọ̀dé ṣe di ara ilé wa. Yóò bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà, yóò wọkọ̀ mìíràn wá bá wa, Màmá á sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ àbàtà. Yóò gbé àpótí rẹ̀ lé ojú omi, yóò dúró díẹ̀, yóò sì máa fi síríńjì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sínú àwọn ìgò kéékèèké. Ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ mì rárá lásìkò yẹn, torí bí ẹrọ̀fọ̀ bá rú, ohun tó gbà ti bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé, bí òkúta ló máa ń rí nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Orin wákà ló máa ń kọ lábẹ́lẹ̀, kí ara má baà yún un.

Láàárín òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mọ ara wọn. Olúbọ̀dé kò ní ìyá mọ́, ilé ẹ̀kọ́ girama ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. A kò mọ ìgbà tó fi “Màmá” rọ́pò “Mà”. Bó bá ti dé, ìdí ìkòkò ló ń kọ́kọ́ lọ, Màmá á sì máa bá a wí pé ẹni tó ń wọn afẹ́fẹ́ gbogbo ayé kò rí obìnrin kan fẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó mú èmi àti Màmá lọ sí yunifásítì ká lè rí ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò. Yàrá náà tutù. Olúbọ̀dé fa afẹ́fẹ́ inú ìgò kan sínú ẹ̀rọ, bíírò kékeré kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà lórí bébà fúnra rẹ̀. Ó ń lọ tààrà, ó ń lọ, ó ṣàdédé gùn sókè bí òkè, ó tún sọ̀ kalẹ̀.

“Ibi tó ga yẹn, gáàsì àbàtà yín nìyẹn, Màmá.”

Màmá tẹjú mọ́ ọn. “Bí ó ṣe ń mí nìyẹn?”

“Bí ó ṣe ń mí nìyẹn.”

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọkọ̀ wa dúró ní ibùdókọ̀ Pleasure. Ibẹ̀ ni Màmá ti fi eteetí gèlè nu ojú rẹ̀. “Sàkàrìyáù ì bá rí i,” ló wí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, Ìgàndó ti ń kún. Àwọn èèyàn ń wá ilẹ̀ lójú méjèèjì, típà ń já yanrìn, wọ́n ń sọ irà di ilẹ̀ ilé. Ẹnì kan wá tó fẹ́ ra gbogbo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa pátá, àti gbígbẹ àti olómi. Ẹbí gbà. Nàfíù gbà. Èmi náà fẹ́ ilé, kí n má parọ́. Yàrá kan ni èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń gbé, abẹ́ òjò ni mo sì ti ń dáná. Màmá mọ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Olúbọ̀dé kò tíì parí. Àsìkò òjò kan ló kù kó lè fi ọdún wé ọdún dáadáa. Nígbà tó gbọ́, ó ní, “Màmá, ẹ má tìtorí mi bá ẹbí jà.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé ẹbí, Màmá wọ aṣọ tó dára, ó kúnlẹ̀ níwájú Hàrúnà.

“Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, n kò ní dí yín lọ́wọ́. Ẹ ta á. Òjò kan péré ni mo ń tọrọ.”

“Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní dúró de òjò!” ni Hàrúnà fi ìbínú sọ. “Nítorí afẹ́fẹ́, Ìdíátù? Nítorí afẹ́fẹ́ lásán?”

“Ilẹ̀ tí wọ́n ní kò wúlò fún nǹkan kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa wá a wá. Ẹ jẹ́ kí Olúbọ̀dé parí iṣẹ́ rẹ̀.”

Hàrúnà ń fi ìka ka tẹ̀súbà ọwọ́ rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó ní, “Èmi ni mo fún Sàkàrìyáù ní àbàtà yẹn. Títí ó fi kú, kò fi bú mi rí.” Ó yíjú sí àwọn yòókù. “Òjò kan. Ẹ lọ sọ fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ kó dúró. Bí kò bá lè dúró, kó máa lọ.”

Ẹni náà dúró.

N kò rí kí inú Màmá dùn tó ti àsìkò òjò yẹn rí. Ó mú mi dání nínú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ewé gbòdògí ń kán omi sílẹ̀, òórùn ẹrọ̀fọ̀ àti ti òdòdó igbó dàpọ̀ mọ́ra, ẹyẹ kan tí àyà rẹ̀ pupa sì ń bá wa lọ láti ẹ̀ka kan dé òmíràn. Èmi tí mo fẹ́ ilé yẹn, ó ṣe mí bíi kí ọkọ̀ náà má gúnlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, típà dé. Màmá dúró wo àkọ́kọ́ tó da yanrìn sínú omi, lẹ́yìn náà ó wọlé, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Ó pẹ́ kí omi tó gbà fún yanrìn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń hó pùtùpùtù gba àárín rẹ̀ jáde.

Owó ilẹ̀ náà la fi kọ́lé, mo sì ní ilé ìdáná. Ìkùukùu àárọ̀ kò wá mọ́. Páànù orí wa á gbóná lọ́sàn-án débi pé abẹ́ igi la ti ń jẹun, àwọn alámọ́ínmọ́ín Ṣáṣá náà sì ti ń fi ọ̀rá àti agolo ṣe tiwọn. Lọ́dún kejì tí wọ́n dí àbàtà, òjò ńlá kan rọ̀, omi kò ríbi lọ mọ́, ó wọ pálọ̀ Hàrúnà títí dé orí àga. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ́dò wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

“Ìyàwó Sàkàrìyáù, omi rẹ wá kí mi o!”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, Hàrúnà náà rín in. Ilé wa ló sùn títí pálọ̀ rẹ̀ fi gbẹ.

Olúbọ̀dé parí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sí òkè òkun láti kàwé sí i, ó sì fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, Morónkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n wálé ní 1998, wọ́n mú ọmọbìnrin wọn wá kí Màmá. Màmá ní kí àwọn lọ wo ibi tí ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí. Wọ́n rìn láàárín ilé àwọn onílé, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun, wọ́n yí padà, wọ́n tún lọ. Wọn ò rí i. Olúbọ̀dé ní ìdí kànga kan ni, Màmá ní rárá, iwájú ni. Wọ́n jiyàn rẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí oúnjẹ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Màmá kú, kò ṣàìsàn púpọ̀. Olúbọ̀dé kò bá ìsìnkú, ṣùgbọ́n ó dé lọ́jọ́ fídáù. Ó lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àlejò. Hàrúnà, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, béèrè ta ló ń sunkún lẹ́yìn yẹn. Wọ́n sọ fún un.

“Kí ló ń ṣe níbẹ̀?” ni Hàrúnà wí, ó sì fọwọ́ gbá ẹní tí Nàfíù jókòó lé. “Ẹ sún, kí ọmọ olóògbé ráyè jókòó.”