Pe Orúkọ Rẹ̀

Tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń fẹnu fẹ́ tíì gbígbóná kó lè tutù, ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa ní yunifásítì ní Manchester ni mo máa ń rántí. Orí ẹ̀rọ ńlá kan ní yàrá ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ gbogbo wa wà. Àwọn kan ní kó so fódà gbogbo wa mọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní gbàrà tí a bá ti tàn án láàárọ̀. Ó fẹnu fẹ́ tíì rẹ̀, ó kọ̀.

"Tí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bá dákú, gbogbo yín lẹ máa bá a dákú. Ẹni tó bá nílò tiẹ̀, kó pè é."

Ó wá ṣètò rẹ̀ pé fódà kò ní yọjú àfi tí èèyàn bá tẹ orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ibi tí iṣẹ́ mi máa ń wà, mo bá a lófìfo.

"Ẹ̀gbọ́n, thesis mi ti lọ!"

"Kò lọ síbì kankan. Má kàn máa wò ó. Pe orúkọ rẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ mi sì yọ.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gbé e dé ọsibítù ní Crumpsall, kò lajú mọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Ó lè gbọ́." Orúkọ náà wà lára bándì ọwọ́ rẹ̀, mo ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pe àgbà lórúkọ? "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pè ṣáá. Nọ́ọ̀sì náà mirí.

Níkẹyìn, mo pè é. Mo tún yára sọ pé, "Ẹ dákun, ẹ má bínú."

Kò dáhùn èyíkéyìí nínú méjèèjì.