Ìwé Àṣẹ Ọkọ Mi àti Ilẹ̀ Àwọn Ajá

Èmi ò fẹ́ràn ajá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìfẹ́ ajá ló sọ mí di alájá. Ọkọ mi ni mo fẹ́ràn. Nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ti kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ajá, nígbà tó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó háyà ilẹ̀ kan lẹ́yìn Bódìjà, níbi tí àwọn ilé tuntun ò tíì dé. Ó ṣọgbà yí i ká, ó ń gba ajá àwọn dókítà àti tàwọn òyìnbó Oníréké, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa ṣọ́ ilé. Àwọn tó ń kọjá a máa na ọrùn wo inú ọgbà, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ń ta itan kan?" Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín. Èmi á pòṣé.

Àfi bí kídìnrín ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀. Kó tó lọ, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀, lọ́yà sì bá wa ṣe ìwé kan tí wọ́n ń pè ní páwà ọ́fù àtọ́nì. Bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi ni pé ibi tí mo bá ti bu ọwọ́ lùwé, bí ìgbà tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ bu ọwọ́ lù ú ni. Mo lè gba ajá, mo lè gba owó, mo lè rà, mo lè tà, lórúkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá wa lọ lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá ni mò ń pè wọ́n. Díákónì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, inú wọn ò sì dùn rárá.

"Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ wà láàyè," ni Bọ̀dá wí, "o wá ń gbé àṣẹ fún ìyàwó?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá," ni ọkọ mi fèsì. "Ṣé ẹ̀yin ló máa fún ajá lóúnjẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, títí kan lọ́yà. Bọ̀dá nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi lọ, ó ku èmi àti ajá. Bó ṣe máa ń pàṣẹ fún wọn ni mo ń ṣe, mo máa ń mú ohùn mi nípọn kí ó lè dà bí ohùn ọkùnrin. "Sídáùn!" Bí wọ́n bá wò mí bí ẹni wo aṣiwèrè, mo tún un sọ. Lọ́dún yẹn ìlú ò fararọ, àwọn olóṣèlú ń sun ilé ara wọn níná, gbogbo ẹni tó nílé ló ń wá ajá tó lè gbó. Iṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo oníbàárà tuntun ló máa ń béèrè pé, "Ọkùnrin tó ni ibí ńkọ́?" Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo máa ń yọ ìwé àṣẹ mi nínú báàgì, mo máa ń gbé e sí wọn lójú. Wọ́n á kà á, wọ́n á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n á wá fa ajá lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá ni ìròyìn ọkọ mi máa ń gbà wá. Mọ̀lẹ́bí wọn kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló máa ń fi wáyà ránṣẹ́ sí wọn ní ọ́fíìsì. Wọ́n á dé, wọ́n á ní, "Ó ti ń jókòó." Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á ní, "Ó ti ń mu ọbẹ̀." Mo máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ níwájú Ọlọ́run bí wọ́n bá ti lọ tán.

Bàbá onílẹ̀ wá ní òun fẹ́ ta ilẹ̀ náà, àti pé àwa ni òun kọ́kọ́ fi lọ̀. Ó pẹ́ tí ọkọ mi ti ń fẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ó ti tọ́jú owó rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí a lè kó ajá lọ, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí mo fi lè bọ́ àwọn ọmọ. Síbẹ̀ mo ní kí a ní sùúrù kí ọkọ mi dé, kí òun fúnra rẹ̀ wá rà á, kí inú rẹ̀ lè dùn. Bọ̀dá fò dìde lórí àga.

"Sùúrù kí ni? Ṣé ìwé àṣẹ ò sí lọ́wọ́ ẹ ni? Ìyàwó wa, lọ bu ọwọ́ lù ú. Lọ bu ọwọ́ lù ú lọ́la!"

Háà, inú mi dùn! Mo ní Bọ̀dá ti wá gbà pé èmi náà tó èèyàn. Ní ọ́fíìsì lọ́yà, mo bu ọwọ́ lùwé lórúkọ ọkọ mi, Bọ̀dá sì bu ọwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣi orúkọ ara wọn kọ. Mo rò pé àgbà ló dé. Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ aṣọ pupa, mo se ìrẹsì, mo pa adìẹ, mo pe gbogbo ẹbí ọkọ wá sórí ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbàdúrà lé mi lórí. Mo kọrin títí ohùn mi fi há.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹbí ọkọ mi wá sílé mi pẹ̀lú pásítọ̀, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò tíì jókòó tán tí mo ti mọ̀. Mi ò lè sọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí. Mo ṣáà mọ̀ pé wọ́n dì mí mú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ onílẹ̀ dé. Ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé epo ti fi owó ńlá lọ̀ wọ́n, ó sì ti gbọ́ pé ọkọ mi kú. Ó ní kí a kó ajá wa kúrò. Èmi àti Bọ̀dá gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ, mo mú ìwé ikú tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé dání. Lọ́yà wo déètì tó wà lára rẹ̀, ó wo ìwé ilẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Mà, ọkọ yín ti kú kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé yìí. Ìwé àṣẹ máa ń bá ẹni tó fúnni kú ni. Orúkọ òkú lẹ fi ra ilẹ̀, òkú kì í sì í ra ilẹ̀."

Kí n tó lanu, Bọ̀dá ti ń pariwo.

"A ò tíì túfọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn, lọ́yà! Ta ló gbọ́? Òkú tí àgbà ò tíì tú síta, ta ló ń pè é lókùú? Nígbà tí a ò tíì sọ fún opó, ṣé opó ni?"

"Òfin ò dúró de ìtúfọ̀, Bàbá."

Ẹ gbọ́ mi o. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Mo yí sí Bọ̀dá.

"Ẹ ti mọ̀?"

Wọ́n ṣí fìlà. "Wáyà ti dé, ìyàwó wa. Mo ní kí gbogbo ilé pa á mọ́, kí ilẹ̀ kọ́kọ́ di tìẹ àti tàwọn ọmọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé yín síta."

"Gbogbo ilé?"

"Gbogbo ilé."

Inú burúkú kọ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀. Bí ó bá jẹ́ inú burúkú ni, ǹ bá ti bú wọn, ara ì bá tù mí. Mo ní, "Bọ̀dá, gbogbo yín ti sunkún tán kí ẹ tó wá jẹ ìrẹsì mi. Èmi nìkan lẹ jẹ́ kí n máa kọrin."

Lọ́yà ti ìwé kan síwájú mi, ó ní onílẹ̀ ti dá owó padà, kí n bu ọwọ́ lù ú pé mo gbà á. Mo mú bírò. Mo bi í pé ṣé bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ náà ni, lórúkọ ọkọ mi.

"Rárá, mà," ni lọ́yà wí. "Lórúkọ yín."