Bí Mo Ṣe Wọn Inú Màmá Ìyèré

Ìró ẹkùrọ́ tí ń bọ́ sórí páálí ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ìlú Ìyèré: kó, kó, kó, ní ọ̀sán gangan, tí ọyẹ́ ti mú gbogbo ewé gbẹ, tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé àfi èmi àti ẹ̀gbọ́n màmá mi. Màmá Ìyèré ni gbogbo wa ń pè é. Ìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ń fi ojú gbogbo ayé rí màbo ni. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ni mo ń kọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tó wà nínú ènìyàn tí n kò lè fi rúlà wọ̀n.

Iṣẹ́ tí mo gbé lọ bá a kò le. Wàá kọ orúkọ àwọn tó ṣe pàtàkì sí ẹnì kan sórí páálí, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ẹni náà fúnra rẹ̀ yóò sì ní páálí tirẹ̀. Wàá gbé mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ó sọ bí méjì ṣe jọra tí ẹ̀kẹta fi yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fún gbogbo páálí ní máàkì lórí ohun tó sọ. Bí o bá wá ṣírò rẹ̀, wàá rí ibi tí ọkàn rẹ̀ ti ń bá ara rẹ̀ jà, nítorí ohun tí ẹnu ń wí àti ohun tí máàkì ń wí kì í fi gbogbo ìgbà dọ́gba. Màmá Ìyèré kò mọ̀wé, nítorí náà ẹkùrọ́ ló fi ń fúnni ní máàkì, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún.

Ìjà tó wà nínú rẹ̀ kò farasin. Ó ti di ọdún keje tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sí òkè Ọya, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó rí i. Àwọn ẹbí fẹ́ ṣe òkú rẹ̀, kí wọ́n sin aṣọ rẹ̀, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. "Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù," ni àwọn àgbà ń sọ fún un, wọ́n sì ní kí ó dá àwọn lóhùn ní ọjọ́ Àìkú. Òun ní ọmọ òun ń bẹ láàyè. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ló ń bu iyán sọ́tọ̀ fún ọmọ náà, tí yóò dé e mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́, oúnjẹ kan ṣoṣo tó máa ń jẹ tán lójúmọ́.

Kí n tó jókòó dáadáa ni mo ti ṣe àṣìṣe.

"Mà, ọmọ mélòó lẹ bí?" Bíró ti wà lọ́wọ́ mi.

Ó wò mí títí. "Ṣé ní yunifásítì yín, wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni, ọma mi?"

Mo rẹ́rìn-ín, ọ̀mọ̀wé ńlá, mo sì kọ nọ́ńbà sára páálí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé páálí ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ti àkọ́bí rẹ̀, àti ti màmá mi síwájú rẹ̀, mo sì pe orúkọ wọn fún un. Kò ronú rárá. Ó fa ọkọ àti ọmọ mọ́ra.

"Àwọn méjì yìí ò gbó mọ́," ló wí. "Ìyá rẹ ń gbó."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ti dá. Lẹ́yìn náà ló fi kún un pé, "Ọmọ mi ń bẹ láàyè o."

Nígbà tí ó yá, mo da ojú gbogbo páálí dé, mo dà wọ́n pọ̀. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé ọ̀kan. "Eléyìí tutù," ló wí. Mo ṣí i. Ti àkọ́bí ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sì yára gbé ẹkùrọ́ fún un.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo parí ìṣirò. Máàkì àkọ́bí àti ti bàbá rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn bí ẹni tó rí owó he. Mo sáré lọ bá a.

"Mà, ẹnu yín ló ní ó wà láàyè. Ọwọ́ yín ti kà á mọ́ òkú."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó gba ìwé tí kò lè kà náà, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó dáa."

Ó gbà fún àwọn ẹbí lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì sin aṣọ. Láti ọjọ́ náà, kò bu iyán sọ́tọ̀ mọ́. A ní ara rẹ̀ ti balẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń jẹ láàárọ̀. Iṣu tuntun ò bá a láyé. Máàkì tó dára gan-an ni wọ́n fún èmi ní yunifásítì.

Orí mi ti hewú báyìí. Láìpẹ́ yìí ni mo rí ìwé náà nínú àpótí, tí eruku bò ó. Mo ti fi gbogbo wọn wé ara wọn nígbà náà, àfi páálí òun fúnra rẹ̀, torí mo rò pé mo mọ ibi tó wà. Mo fi ìka tọ máàkì tó fún ara rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ọmọ náà gan-an ni, kò fi ẹyọ ẹkùrọ́ kan yàtọ̀. Ibi tí ọmọ náà bá wà ni òun náà wà, ìjà tí mo sì ń wọ̀n nínú rẹ̀ ni ó ń mú un jẹun.

Títí di òní, a kò gbọ́ ìró ọmọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọmọ mélòó ni Màmá Ìyèré bí, mo máa ń ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.