Ìkúnlẹ̀ Dókítà Fàósátù

Ọmọ jórinjórin ni Dókítà Fàósátù, Múṣín ni wọ́n bí i sí. Ìtọ́jú pàjáwìrì ló ń kọ́ ní ọsibítù wa ní Sùúrùlérè, èmi sì ni nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́. Kò sí àgbàlagbà tí wọ́n máa gbé dé tí kò ní kúnlẹ̀ kí. Ìyẹn ló máa ń bí Dókítà Adùnọlá, ọ̀gá tó ń fún un ní máàkì, nínú.

“Ṣé ìkíni la fi ń gba ẹ̀mí là ni?” Ó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù máàkì Fàósátù pé ó ń lọ́ra. Inú bí mi.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé bàbá kan dé, àgbọ̀n rẹ̀ ti há, kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní eyín ló ń dùn ún. Fàósátù kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá.” Kò tètè dìde. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá ló ń wò, níbi tí ìṣó ti gún un, tí egbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

“Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni!” Fàósátù ké, àrùn tó ń gba ojú egbò wọlé, tó sì ń há àgbọ̀n. A bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kíá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá la ẹnu, ó ní ẹ̀bà lòun fẹ́ jẹ. Ọjọ́ náà ni Dókítà Adùnọlá fa igi lé “ó ń lọ́ra”. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá arúgbó kan wọlé, orúnkún ọ̀gá wa ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.