Aago Mẹ́rin Ààbọ̀, Ó Dilé

Ohun kan ṣoṣo ni Tíṣà Pyo Gil-su ń wá láyé: kó di alága ẹgbẹ́ olùkọ́ nílùú Gunsan, ní Kòríà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti du ipò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fìdí rẹmi. Nígbà tó dìde lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan péré ló fi ń polongo: "Aago mẹ́rin ààbọ̀, ó dilé!" Tí iṣẹ́ bá ti parí, olùkọ́ kankan ò gbọdọ̀ jókòó sílé-ìwé mọ́.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ èmi, Ok Mi-ran, àti olùkọ́ mẹ́wàá mìíràn la jọ wà nínú yàrá iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, òun sì ni àgbà wa. Tí aago mẹ́rin ààbọ̀ bá lù, á bu tíì ọkà bálì sínú ife, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù pe àwọn olùdìbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Títí aago méje, àwa la ó ṣì máa bá a ká ìwé ìpolongo sí méjì-méjì, "ó dilé" gàdàgbà lórí gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa lọ sílé yín o," ló máa ń wí, láì gbójú sókè.

"A ti fẹ́ parí, sà."

Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ gbé báàgì nígbà tí àgbà ṣì wà lórí ìjókòó? Inú a máa bí mi. Byeol, ọmọ mi ọdún márùn-ún, á ti wọ bàtà, á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà jéléósinmi. Òun ni wọ́n máa ń wá mú kẹ́yìn. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, kí lẹ máa ń ṣe tí wọ́n fi ń dá yín dúró lójoojúmọ́?"

Kí n má purọ́, kò sí èyí tó fẹ́ dìbò fún un nínú wa. Àfi ọjọ́ tí Tíṣà Seon, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, dá wa dúró nídìí àtẹ̀gùn.

"Ṣé ẹ ti ka òfin ẹgbẹ́? Ẹni tó bá di alága, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ni yóò máa jókòó sí fún ọdún méjì gbáko. Kò ní sí lọ́dọ̀ wa mọ́!"

"Irọ́ lo pa!"

"Ẹ lọ kà á."

Háà! Àṣé oore la fẹ́ fi ọwọ́ ara wa tì dànù. Mo pe àwọn tí a jọ kàwé, mo pe olùkọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. "Èèyàn iyì ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wọlé fún wa." Ìbò mẹ́sàn-án ló fi borí. Nínú àwa mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tí kò dìbò fún un.

Tíṣà Pyo sunkún lójú gbogbo wa. "Ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ yín jẹ wá lógún, sà," Seon ló dáhùn, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo wolẹ̀, ojú tì mí.

Ọjọ́ Ajé tó kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tuntun, bí aago ṣe lù, a tú jáde bí ewúrẹ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún. Mo ti dé géètì kí n tó rántí agboòrùn mi. Mo sáré padà. Tíṣà Pyo ni mo bá nínú yàrá. Ó wá kó sálúbàtà rẹ̀. Ó ń wo àga tó ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan, omi lójú rẹ̀.

"Tíṣà Ok, wò ó! Ọjọ́ kìíní péré, ìlérí mi ti ṣẹ!"

"Ó ṣẹ, sà."

Ó fa àga rẹ̀ àtijọ́, ó jókòó, kó lè gbádùn rẹ̀ díẹ̀ sí i. "Kí lo tún ń dúró ṣe? Máa lọ sílé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá."

"Mo ti fẹ́ máa lọ, sà." Mo fa àga tèmi, èmi náà jókòó.

Nígbà tí mo dé jéléósinmi, Byeol nìkan ló kù, bàtà lẹ́sẹ̀.

"Màámi," ó ní, "kí lẹ tún ṣe?"